Òpó Méjì Lójú Ìwé Onílà

Gbogbo Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa. Ibẹ̀ ni rédíò ti ń bá wa sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni àṣẹ ìjọba ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni owó oṣù àwọn olùkọ́ ti ń gbéra, tí kì í sì í tètè dé. Ìgbà SAP ni, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀. Ìwé ti wọ́n, àga ń tán nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ òbí sì ń wo ọmọ tí wọn yóò dá dúró sílé kí owó lè ká ti àwọn yòókù. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ irú ayé tí a wà nígbà tí olùkọ́ kan kọ́ wa láti ya òpó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ìwé, nítorí inú ayé yẹn gan-an ni a ti mú gbogbo iye tí a yà.

Báà ṣáàtì ni wọ́n ń pe àwòrán náà ní kíláàsì. Ó wà nínú ìwé ìṣirò wa, ní apá tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kó iye jọ, bí a ṣe ń tò ó sínú àtẹ, àti bí a ṣe ń yà á kí ojú lè rí i. Bàbá mi, tó lè fi orí ṣírò owó kòkó kí akọ̀wé tó mú bírò, kò kọ́ ọ nígbà tirẹ̀. Olópòó kan rọrùn: ìlú kan, òpó kan, bí iye bá ṣe pọ̀ tó ni òpó ń ga tó. Olópòó méjì ni iṣẹ́ wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan, tàbí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, yóò ní òpó méjì tó fara kanra, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, tàbí ọ̀kan fún ọdún tó ti kọjá, ọ̀kan fún ọdún tí a wà. Àlàfo yóò wá tẹ̀ lé wọn, kí méjì mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ará Ìjẹ̀ṣà ni olùkọ́ ìṣirò wa. "Mà" ni gbogbo wa ń pè é láìfi orúkọ kún un, ẹni tó bá sì ní "Mà ń bọ̀" nílé ìwé wa, kò sí ẹni tí yóò bi í pé Mà wo. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ní kí wọ́n fi kọ́ wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tó le, Yorùbá ni Mà ń yà sí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ohun kan náà wò ní Ifẹ̀ láti 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin kò gbẹ́yìn rárá, kódà nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ó dá mi lójú pé Mà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ìwádìí kankan, torí ojú wa ló ń wò.

Ìwé gíráàfù wọ́n nígbà náà. Mà máa ń fi owó ara rẹ̀ ra díẹ̀, á sì pín in fún wa. Fún èyí tó bá fẹ́ ṣe lójú gbogbo kíláàsì, pátákó kan wà lẹ́yìn tí ẹnìkan ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí lára ní òòró àti ní ìbú nígbà tí owó ṣì wà. Ọ̀dà náà ti ń ṣí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Mà á fi ẹfun tún àwọn ìlà tó ti parẹ́ fà pẹ̀lú sùúrù, àwa á sì máa wò ó.

Kí a tó ya ohunkóhun, ó ní kí a lọ kà. Ó pín wa sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti JSS 1 dé SS 3, ó ní kí a mú iye ọkùnrin àti iye obìnrin wá. Àwọn tó gbọ́n lára wa lọ bá olórí kíláàsì, wọ́n gba rẹ́jísítà, wọ́n ka orúkọ, wọ́n padà dé kíá. Mà kò gbà á.

"Rẹ́jísítà ń sọ iye tó forúkọ sílẹ̀," ó ní. "Èmi ní kí ẹ ka ẹni tó jókòó."

A tún padà lọ. Àwọn iye méjèèjì kò bára mu, pàápàá láti SS 1 lọ sókè.

Lẹ́yìn náà la wá fa ìlà ìbú, a fa ìlà òòró. A kọ orúkọ àwọn kíláàsì sí ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, a kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ láti orí 0, ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Mà ní kí ti ọkùnrin wà lọ́wọ́ òsì ní gbogbo kíláàsì, ká má ṣe gbé e lọ sọ́tùn-ún níbì kan, kí ojú tó ń kà á má baà ṣìnà. Kò sí pẹ́ńsù aláwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, a fi òpó ọkùnrin sílẹ̀ lófìfo, a sì fi pẹ́ńsù fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ kún inú òpó obìnrin. Ní igun òkè, a ya àpótí kékeré méjì, ọ̀kan lófìfo, ọ̀kan onílà, a sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé àpótí yìí, Mà kì í ka iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé òpó méjì tí a kò mọ ti ta ni wọ́n, igi lásán ni.

Nígbà tí a ṣe tán, ó bi wá pé kí la rí. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ka iye òpó kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún, kò sì ṣi ọ̀kan kà. Mà gbọ́ ọ tán, ó ní:

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n àtẹ ti sọ ìyẹn fún wa kí o tó fa ìlà. Kí ni òpó méjèèjì ń bá ara wọn sọ?"

Kíláàsì dákẹ́. Ìgbà náà la wá gbé ojú kúrò lára iye, tí a wo àlàfo tó wà láàrin orí òpó kan àti orí èkejì. Ní JSS 1, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ní JSS 3, ti obìnrin ti relẹ̀ díẹ̀. Ní SS 3, òpó obìnrin kò ju nǹkan bí ìdajì ti ọkùnrin lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò nílò àlàyé. A mọ èyí tó ń kọ́ aṣọ rírán lọ́jà, a mọ èyí tó ti bímọ, a mọ èyí tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó láti máa bá a tajà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ti mọ̀ wọ́n. A kò tíì rí gbogbo wọn pa pọ̀ rí.

Ibẹ̀ ni olùkọ́ mìíràn ìbá ti dúró, inú rẹ̀ á sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mà kò dúró. Ó ní ká má tíì sọ pé àwọn ọmọbìnrin ń fi ilé ìwé sílẹ̀, torí pé àwọn tó wà ní JSS 1 kọ́ ni wọ́n wà ní SS 3. Bóyá àwọn tó wà ní SS 3 kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó wá rẹ́jísítà ọdún tí SS 3 ìgbà náà wọ ilé ìwé jáde, ó sì ní ká ya òmíràn: iye wọn nígbà tí wọ́n wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó kù, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀. Ìgbà tí àwòrán kejì yìí sọ ohun kan náà ni Mà tó gbà pé ká sọ ọ́. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ohun tó ṣe yẹn ni mo gbé kúrò nílé ìwé girama ju ohunkóhun lọ: ṣé nǹkan kan náà ni òpó méjèèjì ń wọ̀n?

Ní òpin oṣù Kọkànlá 1991, ìjọba ka gbogbo ará Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 27 sí ọjọ́ 29, wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé. Ọjà kò ná, ọkọ̀ kò rìn, ìlú dákẹ́ bí ọjọ́ orò. Ìyá bàbá mi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà nìyẹn, ó sì bí ọmọ tó pọ̀, ó sin nínú wọn. Nígbà tí akànìyàn dé, tó jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a mọ̀ dáadáa, ìyá àgbà jókòó síwájú ilé, ó jẹ́ kí bàbá mi dáhùn gbogbo ìbéèrè. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Èsì 1963, tó sọ pé a jẹ́ mílíọ̀nù 55.67, ni ìjọba ṣì ń lò di ìgbà yẹn. Wọ́n ka òmíràn ní 1973, wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kẹta 1992 dé tí rédíò kéde pé 88,514,501 ni wá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ gbogbo. Àwọn àgbà ti gbọ́ tipẹ́ pé a ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Bàbá mi ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn kan sílẹ̀ láìkà ni. Ẹnìkejì rẹ̀ ní rárá, ti tẹ́lẹ̀ ni irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Mà kò dá sí ìyẹn. Ó kọ iye méjì sójú pátákó: ọkùnrin 44,544,531, obìnrin 43,969,970. Ó ní ká gé e kúrú sí mílíọ̀nù pẹ̀lú ẹyọ kan lẹ́yìn àmì, a sì rí 44.5 àti 44.0. Ó ya òpó méjèèjì láti orí 0. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lè mọ èyí tó ga jù. Lẹ́yìn náà, ó ya òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ dípò 0, 43.5 ni ó kọ sí ìsàlẹ̀, ó sì fi gbogbo gíga pátákó ya ohun tó kù. Òpó ọkùnrin wá ga ní ìlọ́po méjì ti obìnrin gẹ́lẹ́. Àwọn ọkùnrin kíláàsì hó yèè.

"Kí ni mo yí padà?" Mà bi wá.

Kò sí ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Iye kò yí padà, òpó kò fẹ̀ sí i. Ìsàlẹ̀ ló gé. Ó ní bí ọmọ méjì bá fẹ́ mọ ẹni tó ga jù, ṣé a óò gbẹ́ ilẹ̀ bò wọ́n dé ọrùn kí a tó wò ó? Ọmọbìnrin kan bi í pé ṣé irọ́ ni àwòrán kejì nígbà náà. Mà rò ó kí ó tó dáhùn. Ó ní iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gígùn òpó sọ̀rọ̀ ti sọ fún wa pé gígùn ni ká wò, tó bá wá gé ìsàlẹ̀ òpó, ó ti da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí iye tó kẹ́yìn jáde, a di 88,992,220: ọkùnrin 44,529,608, obìnrin 44,462,612. Àlàfo tó tó ìdajì mílíọ̀nù tẹ́lẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 mọ́. Nínú àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 0, kò sí ojú tó lè mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Nínú àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 43.5, ìdààmú ńlá ni.

Mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn ilé ìwé girama, ìṣirò ni mo sì mú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó tẹ ìwé àwọn àtẹ ọrọ̀-ajé jáde ní 1786. Àwòrán tó pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí Scotland, iye ọdún kan ṣoṣo ló rí, láti Kérésìmesì 1780 sí Kérésìmesì 1781, ìlà kò sì ṣe é fà láti ọdún kan. Ló bá to orúkọ ibi 17 tí Scotland ń bá dòwò pọ̀, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Ireland àti àwọn yòókù, ó sì ya òpó méjì tó dùbúlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjà tó wọlé àti ọjà tó jáde. Báà ṣáàtì tí gbogbo ayé ń lò lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tọpasẹ̀ rẹ̀, olópòó méjì sì ni. Ó fi òpó dúdú ṣe ti ọjà tó jáde, ó fi ìlà wẹ́wẹ́ kún ti ọjà tó wọlé. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé, Mà ni mo rántí, pẹ̀lú ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a fi pẹ́ńsù fà torí pé kò sí owó àwọ̀. Inú mi dùn gan-an. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1996, Èkìtì di ìpínlẹ̀. Ìlù dún kárí ìlú, àwọn àgbà tó ti ń béèrè fún un tipẹ́ sunkún ayọ̀, Adó sì di olú-ìlú. Àwa tí wọ́n kọ́ láti kọ "Ondo State" sí ẹ̀yìn ìwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tuntun. N kò ronú nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà kan òpó kankan.

Ìkànìyàn mìíràn wáyé ní oṣù Kẹta 2006. Nígbà tí iye tó kẹ́yìn fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, mo ti ń kọ́ ìṣirò ní Adó-Èkìtì, mo sì rí i pé iṣẹ́ tí mo ti ń wá ti dé: 1991 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2006, fún àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo kọ iye náà sójú pátákó ní mílíọ̀nù. Èkó, 5.7 àti 9.1. Ògùn, 2.3 àti 3.8. Ọ̀yọ́, 3.5 àti 5.6. Ọ̀ṣun, 2.2 àti 3.4. Oǹdó, 3.8 àti 3.5. Fún Èkìtì, mo kọ 2.4 sí 2006, mo fi àyè 1991 sílẹ̀. N kò ṣàlàyé àyè náà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn béèrè.

A sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n kí a tó bẹ̀rẹ̀, torí ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ìwé gíráàfù wa ga ní sẹ̀ńtímítà 24, ó fẹ̀ ní 18, ẹ̀gbẹ́ àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mìlímítà 2. Bí sẹ̀ńtímítà 2 bá dúró fún mílíọ̀nù 1, àpótí kékeré kan á dúró fún 0.1 gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gé iye náà sí ẹyọ kan lẹ́yìn àmì. Bí a bá fi méjì sílẹ̀, ọmọ á máa fojú díwọ̀n láàrin ìlà. Òpó tó ga jù, ti Èkó ní 2006, á ga ní sẹ̀ńtímítà 18.2, ó sì gba ìwé. Òpó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 1, àlàfo láàrin ìpínlẹ̀ méjì jẹ́ ìdajì sẹ̀ńtímítà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14.5. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò yìí kí wọ́n tó fọwọ́ kan rúlà. Ọmọ tí kò bá ṣe é, òpó rẹ̀ tó kẹ́yìn ni kì í rí àyè dúró.

Nígbà tí àwòrán parí, ó hàn gbangba. Ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, òpó ọ̀tún ga ju ti òsì lọ dáadáa. Ní Oǹdó, ti ọ̀tún ló kúrú. Ọmọbìnrin kan ní ìlà iwájú wò ó títí, ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn ará Oǹdó ń kú ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, torí ìbéèrè tó dára jù lọ tí mo gbọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn. Ohun tí òpó méjèèjì sọ ló gbọ́, ó sì gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọkùnrin kan ní bóyá wọ́n ti kó lọ sí Èkó. Òmíràn ní àwọn tó kà wọ́n ni kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wo òpó Èkìtì tó dá dúró láìní ẹnìkejì, ó ní: "Sà, níbo ni àwa wà ní 1991?"

Inú Oǹdó la wà. Àwọn ọmọ yìí kò rántí, torí wọ́n kéré púpọ̀ nígbà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀. Mo mú wọn lọ wẹ́wẹ́. Òpó Oǹdó ní 1991 ka Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Òkìtìpupa àti ìlú Oǹdó fúnra rẹ̀, ó sì ka Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò pẹ̀lú gbogbo Èkìtì. Òpó 2006 kò ka apá Èkìtì yìí mọ́. Orúkọ kan náà ló wà lábẹ́ òpó méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọ̀kan ń wọ̀n fẹ̀ ju ti èkejì lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe, a sì ṣe méjèèjì. Èyí tó yá ni ká da àwọn méjèèjì pọ̀ ní 2006: 3,460,877 ti Oǹdó àti 2,398,957 ti Èkìtì, ó di 5,859,834, ká pè é ní 5.9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3.8. Òpó ọ̀tún wá ga bíi ti ibi yòókù. Àmọ́ ọ̀nà kejì ló wu àwọn ọmọ náà, torí pé ó fún Èkìtì ní òpó tirẹ̀: ká padà sí 1991, ká kó iye àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó di Èkìtì lẹ́yìn náà jọ. Ó jẹ́ 1,535,790. Ohun tó ṣẹ́ kù fún Oǹdó jẹ́ 2,249,548. Wọ́n yà á: Oǹdó, 2.2 àti 3.5. Èkìtì, 1.5 àti 2.4. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè náà ló kọ́kọ́ parí tirẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn ará Oǹdó ń kú. Ó ní rárá sà, ààlà ni wọ́n yí.

Mo ti rí ìwé tí àwọn àgbàlagbà kọ, tí wọ́n fi Oǹdó 1991 wé Oǹdó 2006 láìsọ ọ̀rọ̀ kankan nípa Èkìtì. Ó ń dùn mí, torí àwòrán tó lẹ́wà ni wọ́n yà, ó ní àkọlé, ó ní àpótí ní igun, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 0, gbogbo ohun tí olùkọ́ ń fi máàkì sí ló pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣe é fi rúlà wọ̀n.

Ti Èkó tún mú wàhálà mìíràn wá. Àjọ Ìkànìyàn ní 9.1 ni wọ́n ní 2006. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Òun náà ti ka àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́dún kan náà, ó sì ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17.5. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ní Èkó, nítorí náà kíláàsì gbóná. Mo ní kí wọ́n ya òpó méjì fún Èkó nìkan, ọ̀kan ti àjọ, ọ̀kan ti ìpínlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá, òpó kejì sì ń béèrè sẹ̀ńtímítà 35. Ó jáde kúrò lórí ìwé pátápátá. Wọ́n ní láti dín ìwọ̀n kù sí sẹ̀ńtímítà 1 fún mílíọ̀nù 1. Níbí, ibi kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ẹni tó kà á ló yàtọ̀. Wọ́n bi mí èwo ni òótọ́. Mo sọ fún wọn pé ìwé gíráàfù kò lè sọ ìyẹn. Ó lè fi bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra hàn wá, kí a lè lọ béèrè bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ka tirẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ya òpó méjì kí ọmọ tó yọ pẹ́ńsù lápò. N kò bá a jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mi kò yí padà láti ọdún pípẹ́: ọwọ́ ni kí ọmọ kọ́kọ́ fi yà á. Kọ̀ǹpútà ló máa ń yan ìwọ̀n fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kì í ṣe 0, kò sì ní bi ọmọ léèrè. Ọmọ tó ti ka àpótí kéékèèké 57 fún Èkó pẹ̀lú ìka ara rẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ló yan iye tí àpótí kan dúró fún. Ẹni tí ẹ̀rọ bá yà á fún lè má mọ̀ ọ́n títí ayé.

Ìkànìyàn tó tẹ̀ lé ti 2006 kò tíì wáyé. Ìjọba ṣètò rẹ̀ fún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Nítorí náà, 1991 àti 2006 ṣì ni mo ń kọ sójú pátákó. Àwọn tí mo ń kọ́ ní JSS báyìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà nínú èyíkéyìí nínú òpó náà, wọn kò tíì dáyé. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi àyè òpó kẹta sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n ṣírò bóyá ìwé gbà á. Wọ́n ṣírò rẹ̀: òpó mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà àti àlàfo márùn-ún, sẹ̀ńtímítà 20.5, ìwé kò sì fẹ̀ ju 18 lọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n yí ìwé náà sí ìbú. Òmíràn dá a lóhùn pé nígbà náà gíga á di 18, ti Èkó á sì fi mìlímítà 2 yọ jáde lókè. Wọ́n jiyàn díẹ̀, wọ́n dín ìwọ̀n kù sí sẹ̀ńtímítà 1 fún mílíọ̀nù 1, wọ́n yí ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà.